Òórùn fún Oorun: Ìbéèrè Tí Ẹ Máa Ń Bi Mí Nípa Òróró Tí À Ń Fi Sára Kí A Tó Sùn

Ìjẹ̀bú-Òde ni mo ti ń ta òróró olóòórùn dídùn. Ìbéèrè àwọn oníbàárà kì í fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ síra, ì báà jẹ́ ẹni tó ti Ìjẹ̀bú-Igbó wá sí ṣọ́ọ̀bù, ì báà jẹ́ ẹni tó pè mí láti Ìpẹru ní aago mọ́kànlá alẹ́ pé òun ò tíì fojú ba oorun. Mo wá kọ wọ́n jọ síbí kí ọ̀fun mi lè sinmi díẹ̀ nínú fífi ohùn ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Ká tó bẹ̀rẹ̀: òórùn ni imú ń gbọ́, oorun ni à ń sùn, oòrùn ló ń ràn lójú ọ̀run. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló máa jẹ yọ nísàlẹ̀, ẹni tó bá fojú fo àmì, ọ̀nà á ṣì í.

Kí ló dé tó fi jẹ́ òróró? Kí ló ṣe lọ́fínńdà tí à ń fọ́n?

Ọtí ni. Ọtí ló pọ̀ jù nínú lọ́fínńdà tí à ń fọ́n, òun ló ń gbé òórùn fò, tí gbogbo ilé fi máa ń gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan náà. Òróró kò ní ọtí. Ó máa ń lẹ̀ mọ́ ara ni, ooru ara á wá máa tú u jáde díẹ̀díẹ̀, ẹni tó bá sún mọ́ yín nìkan ló máa gbọ́ ọ. Ohun tí à ń fẹ́ lórí ibùsùn náà nìyẹn.

Kì í ṣe àṣà tuntun. Àwọn ìyá wa mọ Bíńtù dáadáa, ìgò kékeré tó ní àwòrán ọmọbìnrin lára, tí orúkọ rẹ̀ ní kíkún ń jẹ́ Bint El Sudan. Ìlú Khartoum ni wọ́n ti dá a sílẹ̀ ní 1920, àwọn oníṣòwò ló sì gbé e títí tó fi dé ọ̀dọ̀ wa. Ìyá ìyá mi kì í fi sára rárá. Owú ló máa ń fi bọ ẹnu ìgò náà, á wá ki owú yẹn sáàárín aṣọ nínú àpótí. Ọdún tí wọ́n ṣí àpótí rẹ̀ lẹ́yìn ìsìnkú, Bíńtù ṣì wà níbẹ̀, ó jókòó sínú sányán bí ẹni tó ń retí rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan rèé tó máa ń ya àwọn oníbàárà mi lẹ́nu: lọ́fínńdà tí à ń pè yìí, ara lavender àwọn òyìnbó ló ti wá, òdòdó aláwọ̀ àlùkò kan. Orúkọ òdòdó kan ṣoṣo la sọ di orúkọ gbogbo òórùn dídùn. Òdòdó yẹn kan náà ni gbogbo ayé wá ń pè ní òróró oorun lónìí. Láfẹ́ńdà ni màá máa pè é, kó má baà dàrú mọ́ lọ́fínńdà.

Ṣé ó ń múni sùn lóòótọ́?

Díẹ̀. Kò sí òróró tó ń gbé èèyàn lulẹ̀ bí oògùn oorun, ẹni tó bá sì sọ bẹ́ẹ̀ fún yín, ọjà rẹ̀ ló fẹ́ tà. Láfẹ́ńdà ni wọ́n ti yẹ̀ wò jù nínú gbogbo wọn. Èròjà kan wà nínú rẹ̀ tó ń jẹ́ linalool, ó máa ń jẹ́ kí ara rọlẹ̀. Ní Jámánì wọ́n ń ta òróró láfẹ́ńdà nínú kápúsù olómìlígíráàmù 80 tí wọ́n ń gbé mì fún àìfọkànbalẹ̀. Iṣẹ́ ilé oògùn nìyẹn o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbé òróró ọwọ́ mi mì. Ní ti kéèyàn kàn máa gbọ́ òórùn rẹ̀, ìwádìí tó wà kò tóbi, èrè tí wọ́n sì rí níbẹ̀ mọ níwọ̀n: àwọn kan tètè sùn, àwọn kan ò mọ ìyàtọ̀.

Ohun tí èmi fúnra mi gbà pé ó ń ṣiṣẹ́ ni pé imú máa ń kọ́ ẹ̀kọ́. Òórùn kò rìn bí ohùn tàbí ìran. Láti imú, kò pẹ́ rárá tó fi dé ibi tí ọpọlọ ń kó ìrántí àti ìmọ̀lára pamọ́ sí. Ẹ wo bí òórùn àdín ṣe máa ń gbé ìyàwó ilé tó ti tó ẹni ogójì ọdún padà sáàárín ẹsẹ̀ ìyá tó ń dirun fún un. Tí òórùn kan bá jẹ́ pé orí ibùsùn nìkan lẹ ti ń pàdé ẹ̀, lẹ́yìn iná pípa, lẹ́yìn fóònù gbígbé sílẹ̀, ara á mọ̀ ọ́n bí ọmọ ṣe ń mọ orin tí wọ́n fi ń rẹ̀ ẹ́. Fún àwọn tó máa ń padà wá sọ fún mi, ó tó bí ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta.

Nítorí náà, ìgò kan ṣoṣo ni kí ẹ rà. Mo mọ̀ pé ọlọ́jà kì í sọ irú èyí. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fi òróró kan náà lọ sí ọ́fíìsì, tó fi re òde, tó tún fi sùn, kò kọ́ imú rẹ̀ ní nǹkan kan.

Ìgò kejì rèé, mi ò sì tíì rí oorun sùn. Ṣé ayédèrú lẹ tà fún mi ni?

Bàbá kan láti Ṣágámù ló bi mí bẹ́ẹ̀, inú sì ń bí i. Mo ní, "Bàbá, ẹ má bínú, kí lẹ máa ń jẹ lálẹ́?"

"Èmi kì í jẹun wúwo mọ́. Ẹ̀kọ ni."

"Lẹ́yìn ẹ̀kọ ńkọ́?"

"Kò sí nǹkan kan. Àfi obì tí mo máa ń bù jẹ tí mo bá ń gbọ́ ìròyìn."

Obì! Ẹni tó ń gbé Rẹ́mọ, níbi tí wọ́n ti ń kó obì jọ ní Sábó Ṣágámù kó tó gba òkè Ọya lọ, tó wá jókòó ti àwo obì ní aago mẹ́sàn-án alẹ́, òróró wo ló fẹ́ gbà á? Káfíìnì tó wà nínú kọfí náà ló wà nínú obì. Lẹ́yìn bíi wákàtí márùn-ún, ìdajì rẹ̀ ṣì wà nínú ẹ̀jẹ̀. Mo ní kí Bàbá máa jẹ obì wọn ní ọ̀sán. Wọn kò pè mí mọ́, mi ò sì mọ̀ bóyá oorun ló gbé wọn lọ tàbí inú ṣì ń bí wọn.

Tó bá jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ ni oorun ń kọ̀ yín, tó ti tó oṣù mẹ́ta, ilé ìwòsàn ni kí ẹ lọ. Tí ẹni tí ẹ jọ ń sùn bá sì sọ pé ẹ ń hanrun kíkankíkan, pé èémí yín máa ń dá wáí kó tó tún bẹ̀rẹ̀, ẹ má rà nǹkan kan lọ́wọ́ mi. Dókítà ni kí ẹ fi owó yẹn rí.

Èwo ni kí n wá mú?

Ẹni tí kò lo òróró oorun rí, kó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú láfẹ́ńdà. Ẹni tí òórùn òdòdó máa ń fọ́ lórí, sáńdàlì ló máa bá a lára mu: òórùn igi ni, ó tutù, kò pariwo. Igi sáńdàlì gidi láti Íńdíà máa ń lo ọ̀pọ̀ ọdún nínú ilẹ̀ kí òróró tó wà nínú rẹ̀, ìdí rẹ̀ nìyẹn tí òróró rẹ̀ fi wọ́n. Èyí tí ẹ rí ní owó pọ́ọ́kú, inú ilé ìpo-kẹ́míkà ló ti wá. Kò burú, ṣáà mọ ohun tí o rà. Bẹ́ẹ̀ náà ni mísìkì. Láyé àtijọ́, ara àgbọ̀nrín kan tó ń gbé orí àwọn òkè Himalaya ni wọ́n ti ń mú un. Lónìí kò sí àgbọ̀nrín kankan nínú ìgò tí wọ́n ń tà fún wa, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Mísìkì funfun dára fún alẹ́ torí ó ń rùn bí aṣọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ká lórí okùn.

Úùdù? Mo fẹ́ràn úùdù. Inú igi tí olú ti bà jẹ́ ló ti ń jáde, igi náà ló ń sun oje olóòórùn láti fi gba ara rẹ̀ là. Ṣùgbọ́n ó wúwo, ó ń gbéra ga, òórùn ẹni tó fẹ́ jáde ni. Ẹ fi sílẹ̀ fún ọ̀sán Jímọ̀.

Yásímì dùn, àmọ́ ẹ̀kán kan péré. Ọdún àkọ́kọ́ tí mo bẹ̀rẹ̀ òwò yìí, mo fi yásímì pa ọrùn, mo fi pa ìrọ̀rí, mo tún fi pa aṣọ ìbora. Aago méjì òru ni mo jókòó sí báńkónì, orí ń fọ́ mi, mo ń wo àwọn ajá àdúgbò.

Mínǹtì àti ewé olóòórùn tó ń ta imú kì í ṣe ti oorun, wọ́n ń jíni ni. Ti kànáfùrù, ẹ gbọ́ ìtàn mi. Òróró kànáfùrù ògidì ni mo fi sẹ́yìn etí láìpò ó mọ́ nǹkan kan, torí mo rò pé ohun tí à ń fi sínú oúnjẹ kò lè pa èèyàn lára. Kí n tó ka ogún, ibẹ̀ ti ń jó mi bí ẹni fi ata pa á. Ó pupa fún odindi ọ̀sẹ̀ kan, àwọn èèyàn sì ń wò mí bákan ní ìsìn.

Báwo ni kí n ṣe pò ó, ibo ni kí n sì fi sí?

Ó ní oríṣi méjì, ẹ má fi wọ́n ṣe ọ̀kan. Àkọ́kọ́ ni èyí tí wọ́n ti pò tán, tó wà nínú ìgò tó ní róòlọ́ọ̀nù lẹ́nu. Bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ ṣe lò ó. Èkejì ni òróró ewéko ògidì, tí wọ́n fi oru omi gbígbóná fà jáde lára òdòdó tàbí èèpo. Òun kì í lọ sára ní tààrà.

Mú ìgò mìlílítà 10, da òróró àgbọn sí i títí yóò fi kù díẹ̀ kó kún, kí o wá kán láfẹ́ńdà mẹ́rin sí i. Mẹ́rin. Mo mọ̀ pé ó dà bíi pé kò tó, àwọn kan máa ń lọ sílé lọ kán ogún sí i kí owó wọn lè pé. Mìlílítà kan tó bí ẹ̀kán 20, nítorí náà mẹ́rin nínú igba, ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún nìyẹn, ó sì tó fún àgbàlagbà. Ẹ má lo àdín dúdú. Òórùn rẹ̀ á bo láfẹ́ńdà mọ́lẹ̀ bí gbẹ̀du ṣe ń bo ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀.

Kí ẹ tó fi sí ọrùn nígbà àkọ́kọ́, ẹ fi díẹ̀ sí kọ̀rọ̀ ìgbọ̀nwọ́, kó di ọjọ́ kejì. Tí kò bá yún yín, tí kò sì pọ́n, ó ti gbà yín nìyẹn.

Lálẹ́, ẹ wẹ̀ ná. Òróró lórí òógùn kì í dára, pàápàá lálẹ́ tí wọ́n bá ti mú iná lọ tí fáànù sì dúró. Ẹ nu ara gbẹ, ẹ fi ẹnu ìgò kan ọrùn ọwọ́ lẹ́ẹ̀kan, ẹ fi kan ibi kòtò ọrùn lẹ́ẹ̀kan, ó tán. Ẹ má fi ọwọ́ méjèèjì ra ara wọn bí ẹni ń fọ ẹ̀gẹ́. Ẹ gbé ọwọ́ sí imú, ẹ mí sínú ní ẹ̀ẹ̀mẹta tàbí ẹ̀ẹ̀mẹrin, kó rọra jáde. Ẹ̀yin tí kì í fẹ́ nǹkan lára, ẹ kán an sí owú, kí owú náà wà lábẹ́ ìrọ̀rí. Ìrọ̀rí funfun àti òróró kì í ṣe ọ̀rẹ́. Àbàwọ́n rẹ̀ kì í lọ bọ̀rọ̀.

Ìkìlọ̀ kan nípa òróró èèpo ọsàn, pàápàá bẹ́gámọ́ọ̀tì, èyí tó ń ta sánsán nínú tíì Earl Grey. Bí ó bá ṣì wà lára yín láàárọ̀ tí ẹ sì gba inú oòrùn lọ sí ọjà Òkè-Àjẹ́, ó lè jó awọ ara, kí ibẹ̀ sì dúdú fún ọ̀pọ̀ oṣù. Ẹ fi sí owú, ẹ má fi sí ọrùn.

Ṣé ó ń jẹ́ kéèyàn lá àlá rere?

Ìbéèrè tí mo fẹ́ràn jù nìyí. Ó lè fọwọ́ kan àlá, kò lè yan àlá fún yín.

Ní 2009, àwọn olùwádìí kan tó ń ṣiṣẹ́ ní Mannheim, ní Jámánì, tẹ ìwádìí wọn jáde. Obìnrin 15 ni wọ́n mú. Wọ́n dúró títí tí wọ́n fi wọ irú oorun tí ojú ti máa ń yí lábẹ́ ìpéńpéjú, ìyẹn oorun tí àlá pọ̀ jù nínú rẹ̀, wọ́n wá fẹ́ òórùn sí wọn nímú: lálẹ́ kan òórùn bíi ti òdòdó róòsì, lálẹ́ mìíràn òórùn ẹyin tó ti bàjẹ́. Wọ́n jí wọn, wọ́n ní kí wọ́n rọ́ àlá wọn. Ṣàṣà ni ẹni tó lá òdòdó tàbí ẹyin. Ṣùgbọ́n ti alẹ́ róòsì, àlá náà tuni lára. Ti alẹ́ ẹyin, àlá náà korò. Ẹni tó ń lá pé òun wà lọ́jà, ọjà náà ló ṣì wà. Inú rẹ̀ lọ́jà yẹn ló yàtọ̀.

Nǹkan kan wà níbẹ̀ tí àwọn ọlọ́jà kì í sọ. Lálẹ́, oorun àlá máa ń wá, á lọ, á tún wá, bíi ìṣẹ́jú 90 síra wọn, èyí tó sì gùn jù máa ń bọ́ sí ìdájí. Láfẹ́ńdà tí ẹ fi sọ́rùn ní aago mẹ́wàá, tó bá fi máa di aago mẹ́rin, ó ti fò lọ. Ó ti bá yín sùn, kò dé inú àlá. Ẹni tí àlá ń jẹ lógún, kó fi sáńdàlì tàbí mísìkì sí owú ìrọ̀rí, torí òórùn tó wúwo ló ń dúró di àárọ̀.

Tí ẹ bá fẹ́ máa rántí àlá, ìwé àti bírò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn dára ju òróró èyíkéyìí lọ. Ẹ má tètè dìde. Ẹ dùbúlẹ̀ bí ẹ ṣe wà, kí ẹ fà á láti ẹ̀yìn bọ̀ wá síwájú.

Ọmọ Yunifásítì Ọlábísí Ọnàbánjọ ni mí. Ṣé ó lè jẹ́ kí n rántí ìwé tí mo kà?

Ẹ̀yin ará Àgọ́-Ìwòyè! Ó ní ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2007, ní Lübeck, ní Jámánì kan náà. Àwọn èèyàn kọ́ ibi tí àwọn káàdì wà pẹ̀lú òórùn róòsì nímú. Nígbà tí wọ́n wọ oorun ìjìnlẹ̀, wọ́n tún fẹ́ òórùn náà sí wọn, wọ́n sì rántí ju ìgbà tí kò sí òórùn. Ibi tí káàdì wà ni o, kì í ṣe ìdánwò Òfin. Ẹni tí kò kàwé, òórùn kò ní nǹkan tó máa rán an létí.

Nǹkan kan máa ń tẹ̀ mí mọ́lẹ̀ lójú oorun. Ìyá mi ní ogun òru ni. Ṣé òróró lè lé e?

Mi ò ní fi yín ṣe yẹ̀yẹ́, torí ó ti ṣe èmi náà rí. Ẹ lajú, ẹ rí fáànù, ẹ rí fèrèsé, ẹ fẹ́ pe Jésù tàbí Ọlọ́hun, ẹnu ò là. Àwọn oníṣègùn ọpọlọ ilẹ̀ wa pàápàá ka ogun òru sí ọ̀rọ̀ tó yẹ ní kíkọ. Àpilẹ̀kọ wọn lórí rẹ̀ jáde ní 2007.

Bí wọ́n ṣe ṣàlàyé irú ìtẹ̀mọ́lẹ̀ yìí ni pé tí a bá ń lá àlá, ọpọlọ máa ń ti iṣan ara pa, kí á má baà dìde sáré nítorí pé a ń sáré lójú àlá. Nígbà mìíràn ojú á jí kí iṣan tó jí, àlá á sì máa bá a lọ lójú. Ó máa ń wọ́pọ̀ fún ẹni tí kò sùn tó, àti ẹni tó fẹ̀yìn lélẹ̀ sùn. Ẹ gbàdúrà yín, kí ẹ sì fi ẹ̀gbẹ́ sùn. Òróró lè jẹ́ kí àyà tó ń já balẹ̀ kí ẹ tó padà sùn, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ pé ara ń gbọ̀n jìgìjìgì, tí ẹ̀ ń gé ahọ́n jẹ, tí ẹ̀ ń tọ̀ sára, ó lè jẹ́ wárápá, ilé ìwòsàn ló kàn.

Àlá pé ẹ̀ ń jẹun lójú oorun ńkọ́? Ẹ kọ́kọ́ sọ iye ìkọ́kọrẹ́ tí ẹ jẹ ní aago mẹ́wàá alẹ́ fún mi ná. Ikùn tó kún dẹ́múdẹ́mú kì í jẹ́ kéèyàn sùn fọnfọn. Ẹni tó bá ń ta jí láàárín àlá ló sì máa ń rántí wọn jù.

Wọ́n ní òórùn dídùn lóru máa ń pe ẹ̀mí àìrí. Ṣé òótọ́ ni?

Wọ́n sọ ọ́ fún èmi náà bí mo ṣe ń dàgbà. Láti ìgbà tí mo ti ń fi òróró sùn, ẹ̀mí kankan kò tíì kan ilẹ̀kùn. Ẹ̀fọn ló ń wá, ìyẹn kò sì nílò ìpè. Ṣùgbọ́n tí ìbẹ̀rù náà bá wà lọ́kàn yín tọkàntọkàn, ẹ má rà á. Òróró tí ẹ̀ ń bẹ̀rù kò lè fún yín ní oorun.

Ẹ̀sìn mi gbà á àbí kò gbà á?

Ẹ̀yin Mùsùlùmí, ohun tó jẹ́ kí òróró gbajúmọ̀ láàárín yín ni pé kò ní ọtí. Òórùn dídùn sì wà lára ohun tí Ànọ́bì, kí ikẹ́ Ọlọ́hun máa bá a, sọ pé a jẹ́ kí òun fẹ́ràn láyé yìí. Opó tó wà nínú oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá rẹ̀ kò ní lò ó, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó ti gbé aṣọ hájì wọ̀. Ìyókù, ẹ bi àfáà yín.

Ẹ̀yin Kírísítẹ́nì máa ń bi mí bóyá mo lè lẹ "òróró ìyàsímímọ́" mọ́ ìgò. Rárá o. Ẹ ka Ẹ́kísódù orí 30: òjíá àti kínámónì wà níbẹ̀, wọ́n sì kìlọ̀ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ṣe irú rẹ̀ fún ìlò lásán. Ẹni kan fi Òwe 7:17 hàn mí, níbi tí wọ́n ti fi òjíá, álóè àti kínámónì sí ibùsùn. Mo ní kó ka ẹsẹ̀ tó ṣáájú rẹ̀ àtàwọn tó tẹ̀ lé e, kó mọ irú obìnrin tó ń sọ̀rọ̀.

Òórùn dídùn kì í ṣe àjèjì sí Ìjẹ̀bú, ẹ jẹ́ kí n fi èyí bù sí i. Àwọn tó máa ń lọ sí Òkè-Ẹ̀rí nítorí ibojì Bílíkísù Súngbọ́, ọ̀pọ̀ nínú wọn gbà pé òun ni ayaba Ṣébà. Ayaba yẹn sì rèé, nínú Àwọn Ọba Kìíní orí 10, èròjà olóòórùn tó kó fún Sólómọ́nì pọ̀ dé ibi pé irú rẹ̀ kò tún wá mọ́. Tó bá jẹ́ òun lóòótọ́, ọ̀gá wa nídìí òwò yìí ni.

Ọmọ ọwọ́ mi kì í sùn. Ṣé kí n fi díẹ̀ sí i lára?

Mi ò ń tà fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjì. Mẹ́ńtọ́ọ̀lù àti òróró yukalíptọ́ọ̀sì nítòsí imú ọmọdé lè dí i léèémí. Ẹ má ṣe é.

Èyí tó burú jù kò sí lọ́wọ́ mi rárá, inú àpótí aṣọ ló wà: kóró funfun roboto tí à ń pè ní káńfọ̀, tí ọ̀pọ̀ rẹ̀ jẹ́ naphthalene. Ìyá ọmọ á kó aṣọ ìkómọ jáde láàárín rẹ̀, á wọ̀ ọ́ fún ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ láìfọ̀. Àwọn ọmọ kan wà láàárín wa, ọkùnrin ló pọ̀ jù, tí wọ́n bí láìní èròjà G6PD tó nínú ẹ̀jẹ̀. Tí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá fa òórùn káńfọ̀ símú, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè máa fọ́, ojú á pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bíi ti ẹni tó ní ibà pọ́njú, ó sì lè ba ọpọlọ jẹ́. Ẹ kó káńfọ̀ kúrò láàárín aṣọ ọmọ. Ẹ fọ aṣọ, ẹ sá a sí oòrùn. Tí ojú ọmọ bá ti ń pọ́n, ẹ má dúró gba àgbo.

Mo lóyún. Mo ní ikọ́ fée.

Aláboyún, ẹ bi nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú yín kí ẹ tó lo òróró ewéko ògidì kankan, pàápàá ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́. Ikọ́ fée: tí òórùn bá ti ń ta àyà yín, ẹ jìnnà sí i, ti láfẹ́ńdà náà pẹ̀lú.

Ṣé kí n kúkú jó tùràrí sínú yàrá ni?

Ẹ jó o nígbà tí ojú ṣì là, tí fèrèsé ṣì wà ní ṣíṣí, kí ẹ gbé ẹ̀yín iná jáde kí ẹ tó dùbúlẹ̀. Afẹ́fẹ́ olóró tó ń jáde lára èédú kò ní òórùn, irú èyí tí jẹnẹrétọ̀ ń tú jáde náà ni, ó ń pa èèyàn sójú oorun.

Ẹ má sì sọ pé, "Tí nǹkan bá ń jó, màá gbọ́ òórùn rẹ̀, màá jí." Àwọn olùwádìí Yunifásítì Brown ní Amẹ́ríkà dán èyí wò ní 2004. Wọ́n fẹ́ òórùn tó ń bu imú sí àwọn tó ń sùn. Nínú oorun ìjìnlẹ̀, wọn kò mira. Ohùn ló jí wọn. Òórùn lè fọwọ́ kan àlá, ṣùgbọ́n etí ló ń jíni.

Ṣé ó ń lé ẹ̀fọn?

Ẹ ta àwọ̀n.

Ọkọ mi ní òórùn náà ń dí òun lọ́wọ́ oorun.

Owú ni kí ẹ lò, ní ẹ̀gbẹ́ tiyín. Tàbí kí ẹ jọ wá sí ṣọ́ọ̀bù kí wọ́n fi imú ara wọn yàn. Ọkùnrin tó yan òróró fúnra rẹ̀ kì í ráhùn mọ́, mo ti rí i.

Mi ò gbọ́ òórùn rẹ̀ mọ́, ẹni tó bá wọlé ló ń gbọ́ ọ.

Imú yín ti mọ̀ ọ́n lójú ni. Ẹ má fi kún un! Ibẹ̀ gan-an ni àwọn èèyàn ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í da ìdajì ìgò sára. Ẹ fi sílẹ̀ fún alẹ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin, yóò padà.

Báwo ni mo ṣe lè mọ ayédèrú?

Ẹ kán láfẹ́ńdà ògidì sórí bébà funfun, kó wà níbẹ̀ di ọjọ́ kejì. Ó yẹ kó fò lọ láìfi ojú òróró sílẹ̀. Tí ojú òróró bá wà níbẹ̀, wọ́n ti pò ó mọ́ òróró mìíràn. Ọgbọ́n yìí kò ṣiṣẹ́ fún sáńdàlì, torí òun fúnra rẹ̀ wúwo. Sáńdàlì ló kọ́ mi lọ́gbọ́n. Mo ra odindi lítà kan lọ́wọ́ alárobọ̀ kan ní Èkó. Nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó ń ta sánsán. Nígbà tí mo dé Ìjẹ̀bú-Òde tí mo ṣí i ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, kẹrosíìnì ni. Láti ìgbà náà, mo máa ń fi sára, màá jáde lọ jẹun, màá padà wá gbọ́ ọ lẹ́yìn wákàtí méjì kí n tó sanwó. Ẹ̀yin náà, ẹ máa ṣe é fún mi, mi ò ní bínú.

Ní ti bí ẹ ṣe máa tọ́jú rẹ̀: ìgò dúdú, ibi tó tutù, ìdérí tó le dan-in. Òróró ọsàn kì í pẹ́ bàjẹ́. Sáńdàlì máa ń dùn sí i bó ṣe ń pẹ́.

Ṣé mo lè fi ti ibùsùn yìí lọ sí Ojúde Ọba?

Ẹ wá mú òmíràn. Ọjọ́ yẹn, láàárín ẹṣin, ìlù àti sányán, gbogbo ẹgbẹ́ ló ti fọ́n tiwọn dé, ẹnikẹ́ni kò ní gbọ́ láfẹ́ńdà yín. Úùdù ni kí ẹ gbé lọ. Tí ẹ bá délé lálẹ́, ẹ fi ọṣẹ wẹ̀ ẹ́ kúrò dáadáa kí ẹ tó gbé ìgò kékeré yẹn.